Ìwé Tó Ní Kí N Má Wo Ẹ̀jẹ̀ Mọ́

Ọkùnrin kan wà ní Niamey níbí tí mi ò pe orúkọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n. Ẹ má rò pé ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Mọ̀lẹ́bí ọkọ mi ni, wọ́n sì ti bí i sínú ilé kí wọ́n tó gbé mi wọlé ní ìyàwó. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí a ti ń ṣe é: ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, ì báà ṣe èyí tó ṣì ń rákòrò. Ọkọ rẹ ni gbogbo wọn. Orúkọ àpọ́nlé lo máa wá fún un. Èmi ń pè é ní Akọ̀wé, nítorí pé òun nìkan ló kàwé jìnnà láàárín àwọn oníṣòwò aṣọ tó bí i. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyàwó mọ orúkọ sọ.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé Niamey. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn mọ eruku rẹ̀, ẹni tí kò bá gbà á, àlàyé ò lè fi í hàn án. Ohun tí mo rántí ni òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ní àdúgbò Dar es Salam níbí, nínú ilé oníyàrá méjì tí ọkọ mi háyà. Mo fọ ìró, mo sá a. Kí n tó fún èkejì tán, èyí àkọ́kọ́ ti gbẹ kanrínkanrín bí awọ. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó. Afẹ́fẹ́ tó lè mu omi ara aṣọ báyìí, mo bi ara mi pé kí ni yóò mu lára èèyàn.

Àwọn obìnrin Zarma, ọmọ onílẹ̀ níbí, tó wà nídìí ẹ̀rọ omi kí mi, "Fofo," mo sì dá wọn lóhùn ní Yorùbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wọlé mo sunkún.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ká kàn gún abẹ́rẹ́ fún èèyàn. Àwa là ń na ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ká pa á láró, ká tẹjú mọ́ ọn lábẹ́ máíkírósíkóòpù títí yóò fi sọ ohun tó ń ṣe ẹni tó ni ín. Èyí tí mo wá mọ̀ jù ni mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ nílé, wọn ò sì pọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀rí mi, gbogbo ibi tí mo sì gbé e dé ní Niamey, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n dá a padà fún mi.

Akọ̀wé ló gbà mí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé àyẹ̀wò tirẹ̀ nígbà náà, yàrá mẹ́ta péré. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí nítorí pé òótọ́ ni, àti nítorí pé kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, dókítà kan bi mí ní Faransé pé kí ni mo rí. Mo rí i. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ ojú ọmọ rẹ̀. N kò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn ni. Mo mú bírò, mo yà á sórí pépà: sẹ́ẹ̀lì náà, ohun tó wà ní àárín rẹ̀, àti àwọn ẹ̀yà wínníwínní tó yí i ká. Dókítà rẹ́rìn-ín títí tí awò ojú rẹ̀ fi fẹ́ já bọ́. Ó ní ṣé ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi la wà ni. Mo gbé ìtìjú yẹn délé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Faransé bí ẹni tí wọ́n bú ní baba.

Ọyẹ́ ló kọ́ mi ní ìyókù. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní Niamey, eruku máa ń wọ inú aró, á bọ́ sórí ẹ̀jẹ̀, ojú tí kò mọ̀ á sì pè é ní kòkòrò ibà. Kí n tó fọwọ́ kan gíláàsì, mo máa ń wọ́n omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, màá ti fèrèsé, màá dojú abọ́ bo gbogbo ohun tí mo bá pa láró. Àwọn yòókù ń pe ibi ìjókòó mi lẹ́bàá fèrèsé ní mọ́ṣáláṣí, torí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bẹ́ ibẹ̀ wọ̀ tòun ti bàtà. Ó pẹ́, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ mọ́ ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ pé kí obìnrin ará Nàìjíríà nì wò ó. Mi ò ní ayọ̀ kankan nílùú yìí tó tó ìyẹn, àti ti ìyá mi lórí fóònù.

Màámi ò kàwé. Kò bi mí rí pé kí ni mo jẹ, tàbí ṣé ọkọ mi ń tọ́jú mi. Ohun kan náà ló máa ń béèrè láti Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ṣé o ṣì ń wo ẹ̀jẹ̀?"

"Mò ń wò ó, Màámi."

"Wò ó dáadáa o. Ọmọ ẹlòmíràn ló ni ín."

Ilé iṣẹ́ Akọ̀wé gbòòrò. Ó di ilé alájà, ó ra ẹ̀rọ, ó gba èèyàn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ó wá sílé wa. Kò dá wá. Ó mú Bàbá Láníyan tó jẹ́ olórí àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Niamey dání, àti alùfáà kan. Mo sáré tẹ́ ẹní, mo gbé omi tútù kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Akọ̀wé yọ ìwé jáde lápò.

"Ìyàwó, ìwé kékeré kan ni. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń buwọ́ lù ú."

"Kí ló wà nínú rẹ̀, Akọ̀wé?"

Bàbá Láníyan bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa yìí! Ṣé ọkọ rẹ lè gbé májèlé lé ọ lọ́wọ́ ni?"

Mo kà á. Mo ti gbọ́ Faransé nígbà yẹn. Ó ní bí mo bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ohun yòówù kó fà á, n kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò kankan fún ẹnikẹ́ni ní Niamey àti agbègbè rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Àwọn Faransé ní orúkọ gígùn fún irú ìlà bẹ́ẹ̀. Èmi ń pè é ní má-ṣiṣẹ́.

"Akọ̀wé, èyí ńkọ́? Tí mo bá kúrò, kí ni kí n máa ṣe?"

"Ta ló ní o ó kúrò? Ilẹ̀kùn là ń tì, nítorí olè. Ṣé ìwọ lolè ni?"

"Buwọ́ lù ú jàre," ni ọkọ mi wí, "ọbẹ̀ ń tutù."

Mo buwọ́ lù ú. Alùfáà ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ wa yà. Gbogbo wọn ṣàmín. Tèmi ló dún jù.

Ẹ rò ó wò. Ní ọ́fíìsì, ǹ bá ti béèrè ọ̀sẹ̀ kan láti fi rò ó. Ǹ bá ti mú un tọ ẹni tó mọ òfin lọ. Akọ̀wé mọ ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbé e fún mi ní ọ́fíìsì gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Ìyàwó ilé ló gbé e fún, lórí ẹní, lójú àgbà, pẹ̀lú àdúrà lórí rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọmọ Akọ̀wé ọkùnrin padà dé láti Dakar, níbi tó ti lọ kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò. Láìpẹ́ sígbà yẹn ni Akọ̀wé pè mí.

"Ìyàwó, o ti gbìyànjú. Ó tó kí o sinmi."

"Ta ló ní ó rẹ̀ mí?"

"Ọmọ dé. Níbo ni yóò jókòó sí?"

Bí ibi tí mo fi omi wọ́n, tí mo fi abọ́ bò, ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọdún tó kù tí ojú mi lè fi ṣe iṣẹ́ yẹn kò pọ̀, mo sì mọ̀.

Dókítà obìnrin kan, ọmọ Zarma, ní ilé àyẹ̀wò ní Harobanda lódìkejì odò. Ó gbọ́, ó ránṣẹ́ sí mi kíákíá. Mo wọ takisí, mo gba orí afárá kọjá, mo jókòó sídìí máíkírósíkóòpù tuntun, inú mi dùn bí ti ọmọ iléèwé. N kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ níbẹ̀ tí Bàbá Láníyan fi ránṣẹ́ pè wá.

Pálọ̀ rẹ̀ kún. Akọ̀wé jókòó láàárín, ìwé náà wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ó wí, "mo lè pe agbẹjọ́rò. Ìwé wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìyàwó mi ni. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi tó yín létí."

Gbogbo wọn mi orí, wọ́n yìn ín pé ó mọ ìwà hù.

"Ìyàwó, wọ́n ní o ti sọdá odò," Bàbá Láníyan wí.

"Mo sọdá, bàbá. Akọ̀wé ló lé mi. Ẹni tó lé ewúrẹ́ jáde lágbàlá rẹ̀, ṣé òun náà ni yóò tún ní kó má jẹ koríko lóde?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì yára gbé e mì. Ojú Bàbá Láníyan le.

"Ìyàwó kì í bá ọkọ ṣẹjọ́ kí àlejò gbọ́. Àwọn dókítà tó ń wá ọ lọ sí Harobanda, ilé ọkọ rẹ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́. O fẹ́ kó ilé ọkọ lọ fún ará ìta?"

Ọkọ mi tẹ̀ sí mi létí. "Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tajà, bàbá Akọ̀wé ló ni ín. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kó aṣọ mi síta? Kúnlẹ̀."

Mo wò ó. Kò wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti gbọ́, n kò ní sọdá mọ́ títí ọdún mẹ́ta yóò fi pé. Wọ́n ṣàdúrà. Ọkọ mi ti kú báyìí. Wọ́n ní Ọlọ́run ni yóò dá a lẹ́jọ́. Èmi náà ti dá tèmi.

Mo gba ìsọ̀ kékeré kan ní ọjà Katako, mò ń ta gèlè àti aṣọ ọmọdé. Àwọn tó ń la pákó ló wà lẹ́yìn mi, ẹ̀rọ wọn ń han láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ìyẹ̀fun igi ń bọ́ sórí ọjà mi. Mo máa ń gbọ̀n ọ́n dànù bí mo ṣe ń lé eruku kúrò lórí gíláàsì. Ibẹ̀ ni Màámi máa ń bá mi lórí fóònù.

"Ṣé o ṣì ń wo ẹ̀jẹ̀?"

"Mò ń wò ó, Màámi."

"Kí ló ń pariwo lẹ́yìn rẹ báyẹn?"

"Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n rà."

"Há! Ẹ̀rọ yín mà le o. Má jẹ̀ẹ́ kó dí ọ létí."

Ní ọjọ́ kan, mo gbójú sókè, mo rí Hamani níwájú ìsọ̀ mi. Ọmọ Zarma ni. A jọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Akọ̀wé, ọ̀rẹ́ ọmọ Akọ̀wé ló sì gba ipò tirẹ̀ náà. Ó wá ra pákó ni. Ó wo àwọn gèlè, ó wò mí.

"Tántì, kí lẹ ń ṣe níbí?"

Mo sọ fún un pé ìwé ni. Ó ní ìwé wo? Mo ní èyí tí gbogbo wa buwọ́ lù. Hamani gbé ọwọ́ lérí.

"Tántì! Èmi ti ń ṣiṣẹ́ ní Harobanda tipẹ́. Mo gbé ìwé yẹn tọ ọ̀gá ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ lọ. Ó pe ọ̀gá wa. Ó bi í pé: ìwọ lo lé e? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. O ní kó má ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìlú? Bẹ́ẹ̀ ni. Kí lò ń fún un jẹ fún ọdún mẹ́ta tó fi máa jókòó? Ó ní kò sí. Ọ̀gá náà ní kó gbé e lọ síwájú adájọ́, kó lọ wò ó bóyá yóò dúró. Ó ní àṣírí ilé iṣẹ́ ẹni lèèyàn lè ṣọ́. Ohun tó wà lójú òṣìṣẹ́ àti lọ́wọ́ rẹ̀, ti òṣìṣẹ́ ni. Ọ̀gá wa ká ìwé rẹ̀, ó lọ. Títí dòní, kò dé ọ̀dọ̀ adájọ́ kankan."

Ẹ̀rọ pákó ń han lẹ́yìn mi. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la, Tántì. Èmi ni màá mú yín lọ."

"Mo ti kúnlẹ̀, Hamani."

"Kí ni?"

"Mo ti kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà. Mo ti ṣèlérí."

Ó wo orúnkún mi. "Tántì, orúnkún ò sí nínú ìwé yẹn."

Kò lè yé e. Ó ṣe sùúrù títí, ó sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ará ibí máa ń sọ nígbà tí ọ̀ràn bá kọjá agbára, "Kala suuru," pé sùúrù nìkan ló kù. Ó gbé pákó rẹ̀ lọ.

Mo ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé yẹn kò lágbára ju òwú aláǹtakùn lọ, Akọ̀wé sì mọ̀ láti ìgbà Hamani. Kò sọ fún mi. Ó ń kọjá ní Katako, á dúró, á kí mi, "Ìyàwó, ọjà á tà o," á sì kọjá lọ. Lójú òfin ilẹ̀ yìí, àjèjì ni mí, ṣùgbọ́n òfin náà ì bá gbèjà mi. Àwọn tí mo pàdé nílẹ̀ àjèjì, tí mo ń pè ní ilé, àwọn ló dè mí. Tí wọ́n bá bi mí pé níbo ni mo ti jẹ́ àlejò jù ní Niamey, mi ò ní sọ pé láàárín àwọn Zarma. Pálọ̀ Bàbá Láníyan ni.

Màámi kú kí ọdún mẹ́ta náà tó pé. Wọ́n ní ó ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ òun ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń pariwo.

Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, mo gba orí afárá sọdá. Dókítà obìnrin náà ò gbàgbé mi. Ó gbé gíláàsì kan fún mi. Mo fi ojú sí awò, mo rí eruku. Mo mú aṣọ, mo nu gíláàsì. Eruku ṣì wà níbẹ̀. Mo nu awò. Mo tún un nù. Dókítà rọra gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Màmá," ó wí, "gíláàsì yẹn mọ́."

Ojú ọ̀tún mi ni, òun ni mo fi ń wo ẹ̀jẹ̀. Ó ti ń bò díẹ̀díẹ̀ níbi tí mo jókòó ti gèlè sí. Wọ́n yọ nǹkan funfun inú rẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ń ríran láti rìn àti láti kàwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú tó lè rí sẹ́ẹ̀lì mọ́.

Ọyẹ́ yìí ni wọ́n tún ránṣẹ́ pè mí sí pálọ̀ yẹn. Bàbá Láníyan ti kú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sádíà, tí wọ́n bí síbí, tó kàwé Faransé yanjú, ti kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ilé iṣẹ́ Akọ̀wé, tó ti di ti ọmọ rẹ̀, fẹ́ gbà á. Ẹní wà nílẹ̀. Alùfáà wà níbẹ̀. Akọ̀wé jókòó sórí àga, ó ti darúgbó.

"Ẹ káàbọ̀, ìyàwó àgbà," bàbá Sádíà wí. "Ẹ̀yin lẹ la ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wá fi ẹnu yín súre fún un kó tó buwọ́ lùwé."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín sí mi. "Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà tó ìyàwó mi."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá mo lè rí ẹ̀gàn níbẹ̀. Kò sí. Ó ti gbàgbé ni. Ohun tó jẹ́ gbogbo ayé mi, ó ti gbàgbé rẹ̀ bí ẹni gbàgbé agboòrùn sínú takisí.

Mo gba ìwé náà, mo gbé e súnmọ́ ojú òsì. Má-ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Kò yí padà.

"Màmá, kí ló wà níbẹ̀?" Sádíà béèrè.

"Ṣé wọ́n lè gbé májèlé lé ọ lọ́wọ́ ni?" bàbá rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀ tó kú.

Mo gbé ìwé náà sórí ẹní. Mo yíjú sí orí àga.

"Ráṣídì."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń bu omi pariwo, "Yéè!" Kò sí ẹni tó jẹ́ ìyàwó ilé yẹn tó ti sọ orúkọ náà rí lójú rẹ̀.

"Ráṣídì, ìwé yìí ò dúró. O mọ̀. O ti mọ̀ nígbà tí mo wà ní Katako, tí ò ń dúró kí mi."

"Ìyàwó..." ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ìyàwó, èmi lò ń pè lórúkọ?"

"N kì í ṣe ìyàwó nínú ọ̀ràn yìí. Òṣìṣẹ́ tí o lé ni mí. Sádíà, lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀ràn òṣìṣẹ́ kí o tó fọwọ́ kàn án."

Alùfáà bẹ̀rẹ̀ àdúrà kíákíá láti fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn ṣàmín. Sádíà wò mí. Ẹnu mi wà ní pípadé. Ó pa tirẹ̀ náà dé, ó mú ìwé náà nílẹ̀, ó ká a sínú àpò rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ lọ kà á nílé.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sin òkú wa níbí, mo sì mọ ohun tí mo fi orúkọ kan ṣoṣo yẹn tà. Fóònù mi dákẹ́ lórí tábìlì. Màá wò ó, bí ìrọ̀lẹ́ bá ń lẹ́, màá máa rò ó pé ká ní Màámi lè pè mí lẹ́ẹ̀kan péré, kó bi mí pé kí ló ń pariwo lẹ́yìn mi lọ́jọ́ sí, n kò ní purọ́ fún un mọ́. Pákó ni wọ́n ń là, Màámi. Pákó ni.